Leo Szilard: Ọkùnrin tó fi hàn pé ìmọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́

Tí wọ́n bá ní ká dárúkọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Einstein ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa kọ́kọ́ pè. Èmi, Leo Szilard ni mo máa ń pè.

Ìlú Budapest, ní Hungary, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1898. Berlin ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1922. Àlọ́ kan wà nílẹ̀ nígbà yẹn, tí Maxwell, ọmọ Scotland, ti pa láti 1867. Ká ní iwin kékeré kan dúró bíi máìgádì sẹ́nu ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá méjì. Èérún afẹ́fẹ́ tó bá ń sáré, á ní kó wọ apá ọ̀tún; èyí tó bá ń rọra, kó wọ apá òsì. Láìpẹ́, yàrá kan á gbóná, èkejì á tutù, a ó sì rí agbára lò lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin físíìsì ní kò ṣeé ṣe. Ibo wá ni àṣírí náà wà?

Ní 1929, Szilard já àlọ́ náà. Ó ní iwin yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń sáré, kó sì rántí rẹ̀. Agbára tí mímọ̀ yẹn ń jẹ, ó kéré tán, á tó èyí tí iwin rò pé òun jèrè. Ní 1961, Rolf Landauer ti iléeṣẹ́ IBM wá fi kún un pé ìgbà tí a bá ń pa ohun tí a ti kọ sílẹ̀ rẹ́ ni ooru gbọ́dọ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ o. Sẹ́ẹ̀lì tó ń da DNA kọ ń ná agbára, títí kan èyí tó fi ń ṣàtúnṣe àṣìkọ. Ọpọlọ wa ò ju nǹkan bíi 2% ìwúwo ara lọ, àmọ́ ó ń jẹ nǹkan bíi 20% agbára tí ara ń ná nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́.

Szilard náà san tirẹ̀, lọ́nà mìíràn. Nígbà tí Hitler gbàjọba ní 1933, ó sá lọ sí London. Ibẹ̀ ló ti ronú kan bí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú átọ́ọ̀mù kan ṣe lè fa ti òmíràn, tí agbára ńlá á fi tú jáde. Ní 1939, ó mú kí Einstein fọwọ́ sí lẹ́tà sí Ààrẹ Roosevelt, torí ẹ̀rù ń bà á pé Jámánì lè kọ́kọ́ ṣe bọ́ǹbù. Àmọ́ ní July 1945, òun kan náà ló ń gba ìbuwọ́lùwé kiri, kí Amẹ́ríkà má kàn ju bọ́ǹbù náà sí Japan láìkìlọ̀. Àádọ́rin onímọ̀ buwọ́ lù ú. Kò dé ọwọ́ Ààrẹ Truman kí Hiroshima tó jóná.

Lẹ́yìn ogun, ó kúrò nídìí átọ́ọ̀mù, ó bọ́ sídìí ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. Ó kú ní California ní May 1964, lẹ́ni ọdún 66.

Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ríronú kì í ṣe iṣẹ́, ẹ sọ ìtàn Szilard fún un.