Von Rosen: Awabàálù Tó Fò Wọ Inú Ogun Nítorí Ọmọdé

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín kì í ṣe ọmọ Ìkòròdú, kì í sì í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́. Òyìnbó Swídìn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà ogun abẹ́lé á ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, bóyá pẹ̀lú ìbínú. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Ọdún 1909 ni wọ́n bí Carl Gustaf von Rosen sí ìdílé ọlọ́lá, ṣùgbọ́n kò jókòó jẹ ogún bàbá. Bàálù ló wù ú. Nígbà tí Ítálì gbógun ti Ethiopia ní 1935, bàálù Red Cross ló fi ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní 1940, ó wa bàálù jagun fún Finland. Lẹ́yìn ogun Hitler, ó padà sí Ethiopia, ó sì ṣe olórí ológun òfuurufú Ọba Haile Selassie títí di 1956.

Ogun tiwa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, Biafra ò ní èbúté mọ́. Ebi dé. Ṣé ẹ rántí àwòrán àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn ni òbí wọn ti kú tàbí tó ti sọnù sójú ọ̀nà.

Oúnjẹ wà ní erékùṣù São Tomé, ṣùgbọ́n ìbọn tó ń já bàálù wà lójú ọ̀nà, ẹ̀rù ba àwọn awakọ̀, wọ́n dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni von Rosen gbé bàálù ńlá kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú ló lọ, ó rọra ń fò lókè igi gẹ́lẹ́ kí ìbọn má bàa rí i mú, ó sì balẹ̀ sí Uli. Uli ọ̀hún, títì ọlọ́dà lásán ni, tí wọ́n kàn fẹ̀ sí i. Ẹ̀yin apẹja Ẹ̀pẹ́ tó mọ ọ̀sà lóru mọ bó ṣe máa ń rí: ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ là á kọjá kí àwọn yòókù tó gbà pé ọ̀nà wà.

Kí ogun tó parí, bàálù àwọn ìjọ Kristẹni fò ju 5,000 ìgbà lọ, pẹ̀lú oògùn, mílíìkì, iyọ̀ àti páńla. Tí wọ́n bá ń padà, wọ́n a máa kó àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ sí São Tomé, Gabon àti Ivory Coast. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni. Ogun parí tán ni wọ́n tó kó wọn padà wálé.

Ibi tó le nìyí o. Ọkùnrin yìí ò dúró síbi oúnjẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1969, ó kó bàálù kéékèèké márùn-ún tí wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ wá, wọ́n sì kọlu pápá ọkọ̀ òfuurufú Port Harcourt, Benin àti Enugu. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà nínú ológun ìjọba nígbà náà. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tìrẹ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ológun òfuurufú wa já bàálù Red Cross kan, àwọn mẹ́rin kú, Red Cross sì dáwọ́ gbígbé oúnjẹ dúró. Ọmọdé ló tún jìyà ẹ̀.

Von Rosen kú sí Gode ní Ethiopia ní oṣù keje ọdún 1977, nígbà tí ogun Somalia ká a mọ́bẹ̀. Iṣẹ́ oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa ló gbé e débẹ̀. Ẹni ọdún 67 ni.

Mi ò ní kẹ́ ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé. Rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò ṣeé fi páńla bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n páńla náà ò sì ṣeé gbàgbé, torí àwọn ọmọ tó jẹ ẹ́ kọ́ ló dá ogun sílẹ̀. Àwọn ọmọ ọjọ́ náà ti di bàbá àgbà, ìyá àgbà. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ máa bá wọn nájà lọ́jà Ìkòròdú láìmọ̀. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ jagun náà, ẹ kọ tiyín náà wá fún ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀, kó má bàa di pé òyìnbó nìkan la rí ìtàn rẹ̀ sọ.