DÓKÍTÀ BAIKIE TI LÓKÓJÀ

Ẹ̀yin ará, àwa tí a fi ilé sílẹ̀ tí a wá ń gbé Lókójà yìí, ó yẹ kí a mọ ìtàn ẹni tí ó tẹ ibùdó tí ó di ìlú dó. William Balfour Baikie ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kirkwall ní erékùṣù Orkney, lókè Scotland. Oníṣègùn ni nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ó tó dé, àwọn òyìnbó ti dán an wò. Ní ọdún 1841 wọ́n dá oko ńlá kan níbí láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ibà pa òyìnbó tí ó lé ní 40 nínú ìrìn àjò náà, ọdún kò sì yípo tí wọ́n fi kọ oko sílẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà nínú ọkọ̀ wọn.

Ní 1854 Baikie di olórí ọkọ̀ Pleiad. Crowther bá a lọ. Àwa Yorùbá mọ̀ pé agbára wà nínú èèpo igi. Èèpo igi kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe kuníìnì. Baikie kò dúró de ibà. Ojoojúmọ́ ni ó ń fún àwọn òyìnbó ní kuníìnì lò. Ọjọ́ 118 ni wọ́n lò lórí odò, ẹnì kan kò sì kú.

Ní 1857 ó tún fi ọkọ̀ Dayspring wá. Àpáta fọ́ ọkọ̀ náà nítòsí Jẹ́bà, wọ́n sì pàgọ́ sí etí Odò Ọya fún nǹkan bí ọdún kan. Glover, tí ó di gómìnà Èkó lẹ́yìn náà, fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ Yorùbá já dé Èkó láti wá ohun èlò. Charles Barter, tí ó kọ́ iṣẹ́ ọgbà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ń ṣa ewé àti òdòdó jọ títí ó fi kú ní Rábà ní 1859.

Àwọn yòókù padà sílé, Baikie dúró. Ibi tí oko 1841 ti parun gan-an ni ó yàn. Ó ra ilẹ̀, ó bá ọba Tápà ṣe àdéhùn. Ó ṣán igbó, ó kọ́ ilé, ó sọgbà yí ilẹ̀ ká, ó la ọ̀nà, ó dá ọjà sílẹ̀. Òun ni olórí, òun ni olùkọ́, òun ni oníṣègùn. Ó kọ ọ̀rọ̀ inú èdè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 sílẹ̀, ó sì túmọ̀ apá kan Bíbélì sí èdè Haúsá. Ní 1864, ọdún tí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ sinmi nílé, ó sì kú ní Sàró lójú ọ̀nà.

A kò gbàgbé pé ìjọba rẹ̀ ń wá òwò, àti pé ní January 1, 1900, níbí yìí ni wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ti 1841 mú irinṣẹ́ oko wá, ṣùgbọ́n ibà kò jẹ́ kí àwọn òyìnbó dúró tì í. Baikie kọ́kọ́ tọ́jú ara, lẹ́yìn náà ni ó tọ́jú ilẹ̀, ó sì dúró tì í. Àwọn onímọ̀ ewéko fi orúkọ rẹ̀ pe irú igi kan, Baikiaea, tí ó wà nínú igbó ilẹ̀ wa.

Ẹ̀yin ará, àlejò ni òun náà. Ibi tí a bá ń gbé ni à ń ṣe: ẹ jẹ́ kí a tún àyíká wa ṣe, kí a sì gbin igi tí ọmọ ẹlòmíràn yóò jókòó sí abẹ́ rẹ̀.