Òyìnbó Apọ́ngbọ̀n: Oníṣòwò tí ó Jókòó sórí Àga Ìjọba Èkó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Èkó fẹ́ sọ William McCoskry lórúkọ, ojú rẹ̀ ni wọ́n wò, wọn kò wo ilé baba rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, wọ́n sì pè é ní Òyìnbó Apọ́ngbọ̀n. Títí di òní ni àwọn agbèrò ń ké orúkọ náà níbi tí Afárá Èkó ti sọ̀ sí Erékùṣù Èkó. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀, tí a kò bèèrè ẹni tí ó ni orúkọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Òwò ni ó gbé McCoskry dé Èkó láti Ìlú Ọba. Ní ìparí ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852, Akítóyè bá wọn mulẹ̀ pé òwò ẹrú ti parí ní Èkó. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ti rọ́ wá, epo pupa sì di ọba ọjà. McCoskry jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwò náà ṣe rí, nítorí inú rẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Òyìnbó a kó ọjà fún alágbàtà láwìn, alágbàtà a wá epo wá láti òkè fi san gbèsè. Bí ogun bá dí ọ̀nà, epo kò ní wá, gbèsè a sì dúró. Kò sí ilé ẹjọ́ òyìnbó tí olówó lè gbé ajigbèsè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ilẹ̀ rẹ̀ dípò owó, nítorí pé ilẹ̀ ẹbí ni, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí náà, ó wu ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wọ̀nyí pé kí òfin Gẹ̀ẹ́sì fìdí múlẹ̀ ní Èkó.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1861, Henry Foote tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kú, a sì fi McCoskry sí ipò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láàárín àkókò yìí ni àṣẹ jáde láti Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n gba Èkó. Foote ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọwọ́ oníṣòwò ni ó bọ́ sí. Nígbà tí oṣù keje ń parí lọ, ọkọ̀ ogun Prometheus dé, Bedingfield sì ni ọ̀gá rẹ̀. Òun àti McCoskry sọ fún Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, pé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ní Èkó. Dòsùnmú kọ̀. Bedingfield halẹ̀ pé ìbọn yóò dáhùn. Bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun? Àwọn ará Èkó kò sì tíì gbàgbé ọdún 1851. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba àti àwọn ìjòyè mẹ́rin fi àmì sí ìwé náà. Ní ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, Bedingfield àti McCoskry ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Ìwé yìí fi orúkọ ọba sílẹ̀ fún Dòsùnmú, ó sì gbà á láyè láti parí ìjà láàárín àwọn ará ìlú tí wọ́n bá gbà fún un, ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì wà lókè ẹjọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1862, wọ́n dá owó tí yóò máa gbà lọ́dún sí 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ, tí wọ́n ṣírò sí £1,030.

Báyìí ni Apọ́ngbọ̀n di adelé Gómìnà. Ó dá ilé ẹjọ́ mẹ́rin sílẹ̀: ti ọlọ́pàá fún ẹjọ́ kékeré, ti ọ̀daràn, ti ọ̀ràn ẹrú, àti ti oníṣòwò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ti ìkẹyìn yìí. Oníṣòwò ni ó ń ṣe ìjọba, ó sì dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ níbi tí oníṣòwò yóò ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. N kò sọ pé ilé ẹjọ́ kò wúlò, nítorí ará Èkó pàápàá gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí ó yá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ní ọjà lọ́jà kọ́ ni ó yẹ kí ó di òṣùwọ̀n mú. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní ọdún 1862, Henry Stanhope Freeman dé gẹ́gẹ́ bí Gómìnà, ìṣàkóso Apọ́ngbọ̀n sì parí. Kò pé oṣù mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó fọwọ́ sí kò parí. Àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, àwọn onílẹ̀ Èkó, kò gbà pé Dòsùnmú lè fi ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ó tó ọgọ́ta ọdún kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù tó fara mọ́ wọn. Ní ọdún 1921, nínú ẹjọ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lórí ilẹ̀ Àpápá, wọ́n dájọ́ pé ìwé ọdún 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn ẹbí lórí ilẹ̀ wọn rẹ́, ó sì di dandan kí ìjọba san owó ilẹ̀ fún wọn.

Èrò tèmi ni pé McCoskry kì í ṣe ìkà ènìyàn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Oníṣòwò ni, èrè ni ó ń wá, ìjọba rẹ̀ sì fún un ní ọkọ̀ ogun láti fi wá a. Ìdájọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó ti ṣe tiwọn: wọn kò fi oyè kankan rántí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ni wọ́n rántí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí á fojú kékeré wo orúkọ àdúgbò. Ìwé ìtàn ni wọ́n jẹ́ tí a kò tíì ṣí.