Elie Metchnikoff àti Sẹ́ẹ̀lì Tí Ń Jẹ Kòkòrò

Ní ọdún 1845 ni a bí Elie Metchnikoff ní abúlé kan nítòsí Kharkov, ní ilẹ̀ Úkráìnì, tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Ó di olùkọ́ ní yunifásítì Odessa, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kò jìnnà sí i: ní ọdún 1873, ikọ́ ife pa aya rẹ̀.

Ní ọdún 1882, ó wà ní Messina, ní etíkun Ítálì. Lọ́jọ́ kan, àwọn ará ilé rẹ̀ lọ wo eré àwọn ọ̀bọ. Òun nìkan jókòó ti awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó ń wo ọmọ ẹran omi kan tí ó rí bí ìràwọ̀, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bí dígí, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì sì ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ó rò ó pé bóyá wọ́n ń ṣọ́ ara bí ọmọ-ogun ti í ṣọ́ ìlú. Ó ṣẹ́ ẹ̀gún róòsì nínú ọgbà, ó fi gún ẹran náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ti yí ẹ̀gún náà ká.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ́ni pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a máa gbé kòkòrò àrùn mì, kòkòrò náà a sì dà nínú rẹ̀ bí oúnjẹ ti í dà nínú ikùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Jámánì takò ó. Wọ́n ní omi ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pa kòkòrò. Ní ọdún 1888, Louis Pasteur gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Párísì. Àyẹ̀wò ni Metchnikoff sì fi ń dá àwọn alátakò lóhùn. Ní ọdún 1908, òun àti Paul Ehrlich ará Jámánì, tí ó gbè sẹ́yìn omi ẹ̀jẹ̀, jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún: èròjà inú omi ẹ̀jẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ kòkòrò, kí sẹ́ẹ̀lì lè tètè gbé e mì.

Ó kú ní Párísì ní ọdún 1916. Ní ọdún 1955 ni Christian de Duve ará Bẹ́ljíọ̀mù sọ àpò kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí oúnjẹ ti ń dà, ní láísósómù. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ó ń pèsè àwọn èròjà tí ń mú nǹkan dà, tí ó sì ń dì wọ́n sínú àpò, kí wọn má baà jẹ sẹ́ẹ̀lì run. Bí ó bá gbé kòkòrò mì, àpò náà a da omi kíkan àti èròjà wọ̀nyí lé e lórí. Ohun tí Metchnikoff jà fún nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ orúkọ àpò náà.