H. O. Davies: Agbẹjọ́rò Tó Rìn Dé Kenya

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́kùnrin lóbìnrin ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, ẹ fetí sí ìtàn Hezekiah Ọládípọ̀ Davies. Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Ó wà lára aṣáájú ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement kó tó di agbẹjọ́rò lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Ní October 1952, nítorí ọ̀tẹ̀ Mau Mau, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó Jomo Kenyatta àti àwọn mìíràn ní Kenya. Wọ́n gbé ẹjọ́ àwọn mẹ́fà lọ sí Kapenguria, ìlú kékeré tó jìnnà réré. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni Davies àti Kenyatta ti kàwé rí ní London. Davies gbéra láti Nàìjíríà, ó dara pọ̀ mọ́ D. N. Pritt àtàwọn agbẹjọ́rò yòókù láti gbèjà wọn. Síbẹ̀, ní April 1953, adájọ́ rán Kenyatta lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7.

Ǹjẹ́ làálàá wọn já sásán bí? Rárá o. Ní 1958, Rawson Macharia, ẹlẹ́rìí pàtàkì fún ìjọba, búra pé irọ́ ni òun pa. Ní 1963, Kenyatta di olórí ìjọba Kenya. Davies kú ní 1989.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ẹni tí ìjọba ń bínú sí gan-an ló yẹ kó rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́.