Helmholtz, Ẹni Tó Tan Iná Sínú Ẹyinjú

Mo mọ̀ pé ọba tàbí jagunjagun lẹ̀ ń retí. Rárá o, oníṣègùn ilẹ̀ Jámánì kan ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, Hermann Helmholtz.

Ìlú Potsdam ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1821. Tíṣà ni bàbá rẹ̀, owó kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Físíìsì ló wu Hermann, ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó ẹ̀? Ìṣègùn ni bàbá rẹ̀ ní kó lọ kọ́, torí pé ìjọba ń kọ́ àwọn kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní Berlin, bí wọ́n bá ti gbà láti tọ́jú àwọn ṣójà tí wọ́n bá parí. Ó wọ ibẹ̀ lọ́dún 1838, ó sì ṣe dókítà ológun lóòótọ́. Físíìsì ò kúrò lọ́kàn ẹ̀ ṣá. Ẹ̀yin SS2, òfin tó ní agbára kì í ṣègbé, pé ńṣe ló ń yí padà, tẹ́ ẹ̀ ń há sórí yẹn, ó wà lára àwọn tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀, lọ́dún 1847.

Lọ́dún 1849 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Königsberg. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn. Láyé ìgbà yẹn, bí ojú èèyàn bá ń bàjẹ́ láti inú, ọmọlójú dúdú nìkan ni dókítà ń rí. Helmholtz ń múra ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ló bá ń ro ìdí tí ọmọlójú fi dúdú. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọnú ojú, ọ̀nà tó gbà wọlé náà ló ń gbà padà sọ́dọ̀ àtùpà. Kéèyàn tó lè rí i, ó ní láti gbé orí síbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Bó bá sì gbé orí síbẹ̀, orí á dí iná. Ẹ ò rí ìjọ̀gbọ̀n!

Dígí pẹlẹbẹ ló fi yanjú ẹ̀. Ó gbé àtùpà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí dígí náà fì díẹ̀ níwájú ojú. Dígí ń ta ìmọ́lẹ̀ sínú ojú, òun náà ń wò ó láti ẹ̀yìn dígí. Páálí, awò ojú àti dígí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lò fún maikirosíkóòpù ló fi tò ó pọ̀. Bó ṣe rí rẹ́tínà nìyẹn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún, tòun ti òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, lójú alààyè. Ó kéde rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1850.

Albrecht von Graefe, dókítà ojú ní Berlin, ò jẹ́ kó tutù. Irinṣẹ́ yìí ni wọ́n fi rí i bí glaucoma ṣe ń jẹ orí iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Glaucoma sábà máa ń wá láìsí ìrora, ojú tó bá sì ti fọ́ kì í là mọ́. Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù. Ọ̀pọ̀ àgbà ilé wa ló ń pè é ní ọjọ́ ogbó. Èmi ò gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn iná wò wọ́n lójú kó tó pẹ́ jù.

Ọdún 1871 ni Berlin tó wá fi Helmholtz ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì tó ti ń wù ú láti kékeré. Ó kú lọ́dún 1894. Lọ́dún 1997, ní Rochester, Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ lo dígí tó ń yí ìrísí padà láti tún àbùkù ìmọ́lẹ̀ inú ojú ṣe. Wọ́n ya fọ́tò rẹ́tínà alààyè, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sì hàn níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.