Charles Kettering, Ẹni tí ó Gba Kíráǹkì lọ́wọ́ Awakọ̀

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ sórí òkè Jọs, ilẹ̀ kì í dúró de àgbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbin ọ̀dùnkún òyìnbó tàbí àgbàdo ní agbègbè Bokkos, Barkin Ladi tàbí Bukuru ní láti rí katakata tí yóò túlẹ̀ fún un kí àsìkò tó kọjá. Ìlú Jọs ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 1,200 mítà, òtútù òwúrọ̀ rẹ̀ a sì máa mú ju ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ katakata ògbólógbòó, sítátà a kérora lẹ́ẹ̀mejì, a sì dákẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn tí ó yí i ká yóò dájọ́ pé ó ti kú, kí a lọ ra òmíràn. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ọkùnrin tí ó gbé sítátà jáde yóò mọ̀ pé ìdájọ́ náà yá jù. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni ó gbé ẹ̀rọ náà dúró, inú ọgbọ́n yìí sì ni agbára rẹ̀ àti àìsàn rẹ̀ ti ń wá.

Charles Franklin Kettering ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1876 ni a bí i sí oko kan nítòsí Loudonville, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ojú rẹ̀ kò le láti kékeré. Bí ó bá kàwé pẹ́, orí a máa fọ́ ọ. Síbẹ̀ ó kàwé títí ó fi di olùkọ́, kí ó tó wọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio láti kọ́ nípa iná mànàmáná. Àrùn ojú náà tún dé, ó sì di dandan fún un láti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kò káwọ́ gbera. Ó bá àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù lọ gbẹ́ ihò òpó, kò sì pẹ́ tí ó fi di olórí wọn. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó padà sí yunifásítì, ó sì gboyè ní ọdún 1904, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 27.

Ilé-iṣẹ́ National Cash Register ní ìlú Dayton gbà á síṣẹ́. Ẹ̀rọ tí àwọn onísọ̀ fi ń ṣírò owó ọjà, tí wọ́n sì ń kó owó náà sí, ni ilé-iṣẹ́ yìí ń ṣe, ọwọ́ ni a sì fi ń yí i. Kettering fẹ́ kí iná mànàmáná máa yí i. Bí ẹ̀rọ oníná tí yóò ṣe iṣẹ́ náà bá kéré, ó dàbí ẹni pé agbára rẹ̀ kò ní ká a. Bí ó bá tóbi, kò ní gba inú àpótí. Kettering wá kíyè sí i pé ẹ̀rọ owó kì í ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Yóò yí fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, yóò sì sinmi. Ẹ̀rọ kékeré lè ru ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, bí kò bá ti rù ú pẹ́. Lórí òye yìí ni ó gbé iṣẹ́ náà kà, ó sì yọrí ní ọdún 1906.

Ní ìgbà náà, irin tí a ń pè ní kíráǹkì ni a fi ń jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Awakọ̀ yóò dúró níwájú ọkọ̀, yóò ki irin náà bọ ẹnu ẹ́ńjìnnì, yóò sì fi gbogbo agbára yí i. Bí iná bá ṣá ṣáájú àsìkò, ẹ́ńjìnnì a ta padà, irin a sì gbá ẹni tí ó dì í mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ kán lọ́wọ́. Àwọn àgbà tí ó wa lọ́rì ní Nàìjíríà láyé àtijọ́ mọ irin náà dáadáa. Ìtàn tí a ń sọ ní Detroit ni pé Byron Carter, ọ̀rẹ́ Henry Leland tí í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ Cadillac, dúró lójú ọ̀nà láti ran obìnrin kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kú lọ́wọ́. Kíráǹkì gbá a lójú, ọgbẹ́ náà sì di ikú fún un. Ikú yìí, bí ìtàn náà ti wí, ni ó mú kí Leland máa wá ọ̀nà tí kíráǹkì yóò fi kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀.

Kettering ni ó rí ọ̀nà náà. Ní ọdún 1909, òun àti Edward Deeds ti dá ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Delco sílẹ̀, inú àká tí ó wà lẹ́yìn ilé Deeds ni àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́ lóru. Àwọn onímọ̀ gbà pé bí iná yóò bá yí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ oníná àti bátìrì rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Kettering rántí ẹ̀rọ owó. Ẹ́ńjìnnì kò béèrè ju kí a yí i fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bí ó bá ti jí, ó tó ara rẹ̀ gbé. Ó mú ẹ̀rọ kékeré, ó fi eyín irin so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ó sì ṣètò kí ẹ̀rọ kan náà máa dá iná padà sínú bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ní ọdún 1911 ni wọ́n gbé e lọ han Leland. Ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà.

Láti ìgbà náà ni obìnrin, arúgbó àti ẹni tí apá rẹ̀ kò le ti lè wakọ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1919, Ford náà fi sítátà sára ọkọ̀ Model T. Katakata gbà á lẹ́yìn náà.

Kettering di olórí ìwádìí ní ilé-iṣẹ́ General Motors láti ọdún 1920 títí di 1947. Ìtàn rẹ̀ kò funfun láìlábàwọ́n. Lábẹ́ rẹ̀ ni Thomas Midgley ti ṣàwárí, ní ọdún 1921, pé òjé lè mú kí epo bẹtiróò jó dáadáa. Òjé náà ba afẹ́fẹ́ ayé jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2021 ni Àlùjíríà, orílẹ̀-èdè tí ó kẹ́yìn, tó jáwọ́ nínú títà á fún ọkọ̀. Ní ọ̀nà mìíràn, òun àti Alfred Sloan ni a fi orúkọ wọn sọ ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ tí a dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1945. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni jẹjẹrẹ pa Olive, aya rẹ̀. Kettering fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1958, ní ẹni ọdún 82.

Ọgbọ́n rẹ̀ ṣì wà lára katakata tí ó wà lóko Jọs lónìí. Nítorí pé ẹrù ńlá ni sítátà ń rù fún ìgbà díẹ̀, iná púpọ̀ ni ó ń fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpẹtà díẹ̀ lójú ọ̀nà iná tó láti sọ ọ́ di aláìlágbára. Nítorí náà, ọ̀nà iná ni rẹ́wáyà tí ó mọṣẹ́ kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bátìrì fóòtì 12 tí ó kún gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 12.6 hàn lórí mítà nígbà tí ó bá ń sinmi. Bí ó bá já sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí sítátà ń yí, bátìrì ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí a ha orí bátìrì, kí a sì tú wáyà tí ó so ó mọ́ ara irin katakata, nítorí ẹrẹ̀ àti eruku oko a máa jẹ ìdí rẹ̀. Oríta wáyà tí ó bá gbóná ju ìyókù lọ ni àìsàn wà. Bí gbogbo èyí bá dára ni a tó ń tú sítátà, kí a wò bóyá búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ tán tàbí búùṣì rẹ̀ ti fẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì ń yí kọ́kọ́rọ́ láìsinmi ń pa ohun tí Kettering ṣe. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó. Kí ó sinmi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó tó tún gbìyànjú. Bí ẹ́ńjìnnì dísù kò bá jí, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló wọ inú ọ̀nà epo, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sì sí lọ́rùn sítátà.

Àṣà kan burú ju gbogbo èyí lọ: kí ènìyàn dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ó fi sípánà tàbí súkúrúdíráfà so orí sítátà méjèèjì pọ̀ kí ó lè yí. Bí jíà bá wà nínú katakata, yóò gbéra lójijì, yóò sì gun ẹni náà mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ káàkiri ayé ni ó ti bá a lọ. Nítorí kí ènìyàn má baà fara gbọgbẹ́ nídìí jíjí ẹ́ńjìnnì ni a ṣe gba kíráǹkì lọ́wọ́ awakọ̀. Orí ìjókòó ni ó yẹ kí awakọ̀ wà, kí jíà wà ní òmìnira, kí ó tó yí kọ́kọ́rọ́.